Láàpù idẹ tó ń fẹ̀ àti péésìtì tó yẹ kó bá a rìn: àyẹ̀wò fún ẹni tó ń ṣe sìlíńdà ẹ́ńjìnì kékeré

Bó ti wù kí ọ̀bẹ léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ, mú tó, á fi ilà sílẹ̀ nínú ihò sìlíńdà. Ilà náà á yípo láti ẹnu dé ìdí bíi ti ara bóòtì, afẹ́fẹ́ tí písítìn ń fún pọ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ sá lọ. Ẹ́ńjìnì ńlá lè fara da èyí díẹ̀. Ẹ́ńjìnì kékeré kò lè fara dà á. Bí ẹ bá dín ẹ́ńjìnì kan kù sí ìdajì ní gígùn àti ní fífẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ṣùgbọ́n etí písítìn tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò, ìdajì péré ló dín. Nítorí náà ni ihò sìlíńdà kékeré fi gbọ́dọ̀ dára ju ti mọ́tò lọ, kò gbọdọ̀ kàn dára tó o.

Irinṣẹ́ tí à ń yẹ̀ wò níbí ni láàpù idẹ tó ń fẹ̀, ọ̀pá tí a fi ń lọ inú ihò títí yóò fi tọ́, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní barrel lap. A ó sì wo nǹkan ìlọ̀ mẹ́ta tí àwọn èèyàn sábà máa ń rà pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn Clover, Timesaver àti péésìtì inú agolo tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù, ká tó wá dé orí Flex-Hone tí ọ̀pọ̀ rò pé ó lè rọ́pò láàpù. Sìlíńdà tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni ti ẹ́ńjìnì Webster, ẹ́ńjìnì onípétírólù kékeré tí Joe Webster ya àwòrán rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ihò rẹ̀ jẹ́ 7/8 ínṣì, ìyẹn nǹkan bíi 22.2 mm. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi irin káàsì, irin tí a yọ́ dà, ṣe sìlíńdà rẹ̀, irin yẹn gan-an ló sì gba láàpù jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí láàpù ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àìmọ èyí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn ra ohun tí kò yẹ. Láàpù jẹ́ ọ̀pá rìbìtì tó rọ̀ ju irin sìlíńdà lọ. Hóró ìlọ̀ líle á wọnú ara rẹ̀, á dúró síbẹ̀, á sì máa ha ara sìlíńdà. Bí láàpù bá le ju sìlíńdà lọ, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: hóró á wọnú sìlíńdà, láàpù ló máa jẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi idẹ, bàbà tàbí alumíníọ̀mù ṣe láàpù fún irin káàsì. Ìdí kan náà ni péésìtì onísílíkọ́ọ̀nù kábáídì, hóró líle irú èyí tó wà nínú Clover, kò fi yẹ fún sìlíńdà tí idẹ tàbí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ara rẹ̀. Hóró tó bá ti wọ inú idẹ kò ní í jáde mọ́, á sì máa jẹ písítìn títí ẹ́ńjìnì á fi gbó.

Láàpù tí wọ́n ń tà jẹ́ apá méjì. Ọ̀pá irin kan wà nínú tó tín-ín-rín lọ sí orí kan, ìgò idẹ tó ṣí lórí méjèèjì bíi páìpù, tí wọ́n là ní ẹ̀gbẹ́, sì wà lóde. Bí ẹ bá ti ìgò náà síwájú lórí ọ̀pá, yóò fẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó.

Gígùn ni àkọ́kọ́. Láàpù tó bá kúrú ju sìlíńdà lọ á máa tẹ̀ lé ibi tó kọ́ àti ibi tó wú nínú ihò, á dán wọn, kò sì ní í tọ́ wọn. Láàpù gígùn máa ń fara lé ibi gíga nìkan, ó sì ń jẹ ibẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba. Fún ihò tó gùn ní 50 mm, láàpù tó tó 75 mm ló dára. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ni gígùn rẹ̀ kò tó èyí fún ihò ńlá, nítorí náà, ẹ bèèrè gígùn ìgò idẹ náà gan-an. Àwọn tó ń tà máa ń ka gígùn ọ̀pá irin mọ́ ọn.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe là á. Èyí tí wọ́n là ní ìdábùú tó yí díẹ̀ dára ju èyí tí wọ́n là gbọọrọ lọ, pàápàá bí sìlíńdà yín bá ní ihò ẹ̀gbẹ́ bíi ti ẹ́ńjìnì onítúù-sítírọ́ọ̀kù. Ẹ̀là gbọọrọ máa ń kọ́ etí ihò ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá dé ọ̀kánkán rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bó ṣe ń fẹ̀, ibí yìí ni mo sì ti rò pé a gbọ́dọ̀ le díẹ̀. Ẹ fẹ láàpù náà ní 0.05 mm, kí ẹ fi maikirómítà wọ̀n ọ́n ní orí, ní àárín àti ní ìdí. Bí àárín bá fi ju 0.005 mm wú ju orí méjèèjì lọ, kò tíì ṣeé lò. Àwọn tó kéré lówó máa ń wú ní àárín, nítorí orí méjèèjì ibi tí wọ́n kò là ni kò jẹ́ kó fẹ̀ dọ́gba. A lè tún un ṣe. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò ó, kí ẹ dè é mọ́ léètì láàrin ṣóńṣó méjì, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gbẹ́ ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi dọ́gba. Ẹni tí kò bá ní léètì tó lè ṣe èyí kò gbọdọ̀ ra èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú.

Ẹni tó bá ní léètì, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe tirẹ̀, kó sì fi owó rẹ̀ ra péésìtì. Ẹ mú ọ̀pá idẹ tàbí alumíníọ̀mù tó gùn ní 80 mm. Ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ fi rímà pínnì onígẹ̀rẹ́ 1:50, irinṣẹ́ tó ń gbẹ́ ihò kó fi 1 mm tín-ín-rín ní gbogbo 50 mm, tún ihò náà ṣe, kí ẹ sì gbẹ́ ọ̀pá irin tó ní ìgẹ̀rẹ́ kan náà. Ẹ gbẹ́ òde dé 22.15 mm. Ẹ fi sóò là á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ihò àárín, kí ẹ tún là á díẹ̀ ní ibi méjì mìíràn, kó má ṣe wọnú tán, kí idẹ lè tẹ̀ dọ́gba yíká. Oore tó wà nínú ìgẹ̀rẹ́ 1:50 ni pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe: bí ẹ bá fi òòlù onígi ti ọ̀pá wọlé ní 1 mm, láàpù fẹ̀ ní 0.02 mm. Ẹ lè fi ẹfun sàmì sí ọ̀pá náà, kí ẹ máa kà á.

Ó wá ku nǹkan ìlọ̀.

Clover ni mo fi sípò kìíní fún irin káàsì. Sílíkọ́ọ̀nù kábáídì inú gíríìsì ni, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ara agolo rẹ̀ ní gbangba: 1A jẹ́ 320, 2A jẹ́ 400, 3A jẹ́ 500, 4A jẹ́ 600. Ẹ kò nílò ju méjì lọ, 1A láti mú ilà ọ̀bẹ kúrò, 4A láti parí rẹ̀. Hóró 320 jẹ́ nǹkan bíi 0.03 mm ní fífẹ̀, ti 600 kò tó 0.01 mm. Ohun tí kò dára nínú rẹ̀ ni gíríìsì náà. Ó nípọn, ó sì máa ń kóra jọ sí ẹnu ihò. Ẹ fi díẹ̀ nínú ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pò ó kó tó kan láàpù.

Timesaver jẹ́ ìyẹ̀fun tí ẹ máa fi ọ́ìlì pò fúnra yín. Oríṣi méjì ni: èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé wà fún irin líle àti irin káàsì, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè wà fún idẹ, bíróńsì àti irin rírọ̀ yòókù. Hóró rẹ̀ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kì í sì í wọnú irin dúró. Fún sìlíńdà onísítíìmù tí bíróńsì jẹ́ ara rẹ̀, tàbí fún búṣì tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, n kò rí èyí tó dára jù ú lọ. Fún irin káàsì tí ilà ọ̀bẹ ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, fífọ́ tí hóró rẹ̀ ń fọ́ di ìṣòro. Agbára rẹ̀ á ti tán kí ilà tó tán, ẹ ó sì máa po òmíràn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ibi tí Clover kò gbọdọ̀ dé.

Péésìtì fáàfù ni èyí tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ yín jù. Ó wà ní Ládípọ̀, ó wà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò. Agolo rẹ̀ máa ń ní orí méjì, ẹ̀gbẹ́ kan fún hóró ńlá, ẹ̀gbẹ́ kejì fún hóró kíkúnná. Ẹ má fi hóró ńlá kan sìlíńdà rárá. Ilà tó máa ha síbẹ̀ á jinlẹ̀ ju ohun tí 4A lè mú kúrò lọ, ẹ ó sì ti fẹ ihò kọjá ìwọ̀n kí ẹ tó rí i kó pòórá. Ti ẹ̀gbẹ́ kíkúnná lè ṣe iṣẹ́ 1A bí kò bá sí 1A, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agolo ni kò kọ nọ́ńbà sí ara. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ fi díẹ̀ sáàrin dígí pẹlẹbẹ méjì, kí ẹ rá wọn mọ́ra. Bí ojú dígí bá di funfun dọ́gba, ó ṣeé lò. Bí ẹ bá rí ha kan tàbí méjì tó gùn tó sì jinlẹ̀ ju ìyókù lọ, hóró ńlá ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e padà fún iṣẹ́ fáàfù.

Flex-Hone, tí Brush Research ń ṣe ní Los Angeles, jẹ́ ọ̀pá tí wáyà rírọ̀ pọ̀ lára rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù òkúta ìlọ̀ kékeré sì wà ní orí wáyà kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ tó dára gan-an ni, àṣìlò ló ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Wáyà rírọ̀ kò lè tọ́ ohunkóhun. Ihò tó bá wọ́ kí ó tó wọ inú rẹ̀, wíwọ́ ló máa fi sílẹ̀, yóò kàn rí dáadáa lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ilà tó gbara wọn kọjá sí ojú ihò tí láàpù ti tọ́, kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí. Ó gbọ́dọ̀ ti máa yí kó tó wọlé, kó sì máa yí títí yóò fi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fa ilà gbọọrọ kan sí gígùn ihò náà. Hóònù olókùúta mẹ́ta tí àwọn mẹkáníìkì ń lò fún sìlíńdà búrékì náà kò lè tọ́ ihò. Òkúta rẹ̀ tún máa ń já sínú ihò ẹ̀gbẹ́, ó sì ń fọ́.

Ní ti ṣíṣe é, ẹ fi 0.03 mm sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀bẹ. Bí ẹ bá fi èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ ó lọ̀ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi fẹ̀. Bó bá sì kéré jù, ilà ọ̀bẹ kò ní í tán kí ìwọ̀n tó pé. Láàpù ló ń yí nínú ṣọ́ọ̀kì (chuck) léètì, ìyẹn ẹnu tó ń di iṣẹ́ mú, sìlíńdà ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má gbé sìlíńdà sínú ṣọ́ọ̀kì eléyín mẹ́ta. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, eyín mẹ́ta náà á fún un, ẹ ó lọ̀ ọ́ róbótó níbẹ̀, nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀, yóò di onígun mẹ́ta. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé gééjì tó ń kan ibi méjì kò lè rí i: ibi gbogbo tí ẹ bá wọ̀n á fún yín ní nọ́ńbà kan náà. Gééjì tó ń kan ibi mẹ́ta nìkan ló lè tú u fó.

Ẹ fi pátákó méjì tí ẹ gé ihò sí mú sìlíńdà náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀ tó ń mú un tutù, nítorí láàpù lè gbá a mú lójijì, abẹ̀bẹ̀ wọ̀nyẹn sì mú. Ẹ fi páálí bo bẹ́ẹ̀dì léètì. Hóró tó bá bọ́ sórí rẹ̀ á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ sìlíńdà.

Ìyára léètì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àyíká ihò 22.2 mm fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 mm. Bí léètì bá ń yí nígbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, ojú láàpù ń rin nǹkan bíi mítà 8.4 ní ìṣẹ́jú náà. Bí ọwọ́ yín bá ń lọ tó sì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìlọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 mm, mítà 4.8 ni ọwọ́ rìn. Igun tí ilà méjèèjì fi gbara wọn kọjá á jẹ́ nǹkan bíi 60 dìgírì, èyí sì dára fún ríìngì, òrùka irin tó wà lára písítìn. Bí ẹ bá gbé léètì sí 250, tí ọwọ́ kò sì yára sí i, igun náà á já sí nǹkan bíi 31, ilà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yípo bíi ti ọ̀bẹ tí ẹ fẹ́ mú kúrò. Kò sí èrè nínú ìyára.

Péésìtì tó bí hóró ẹ̀wà méjì ti tó. Ẹ fi ra ara láàpù, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ líle yí i mọ́lẹ̀ kí hóró lè wọ inú idẹ, kí ẹ wá nu ìyókù kúrò. Péésìtì tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ẹnu ihò ló máa ń kóra jọ sí, ibẹ̀ ló máa ń jẹ, ẹnu á sì fẹ̀ ju àárín lọ. Pẹ̀lú láàpù 75 mm àti sìlíńdà 50 mm, ìlọ 40 mm á jẹ́ kí ẹnu sìlíńdà yọ kọjá orí láàpù ní 7 tàbí 8 mm lápá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí láàpù jẹ dọ́gba. Ẹ máa yí sìlíńdà padà, orí sí ìdí, lóòrèkóòrè. Láàpù gbọ́dọ̀ máa di ihò mú díẹ̀. Bó bá ti ń lọ gbọ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fẹ̀ ẹ́ ní 0.005 mm, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má wọn sìlíńdà gbígbóná. Irin káàsì tó fi 20 dìgírì gbóná ju yàrá lọ á fi nǹkan bíi 0.005 mm fẹ̀ ní ihò yìí, ìyẹn gan-an sì ni iye tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ fún 4A. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tó wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ilà ọ̀bẹ bá ti tán, tí ojú ihò sì ti di àwọ̀ eérú kan náà yíká, ẹ pa 1A tì, ẹ fọ gbogbo nǹkan, ẹ mú láàpù mìíràn fún 4A. Hóró 1A kan ṣoṣo tó kù lára láàpù á ba iṣẹ́ 4A jẹ́.

Àwọn kan máa ń fi péésìtì sára písítìn fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa fi lọ ihò. Ẹ má ṣe é. Písítìn kúrú, kì í fẹ̀, alumíníọ̀mù rẹ̀ á sì gba hóró sára, á wá di láàpù tí ẹ dè mọ́ inú ẹ́ńjìnì. Ríìngì pẹ̀lú kò gbọdọ̀ kan péésìtì.

Fífọ̀ gba sùúrù. Kẹrosíìnì ń kó gíríìsì lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi hóró sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àwo àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun tí ẹ fi nu inú rẹ̀ á fi jáde ní funfun. Ẹ fi ọ́ìlì sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí irin káàsì tó mọ́ báyìí kì í pẹ́ dípẹtà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ti ríìngì wọnú ihò, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Iná kò gbọdọ̀ yọ níbikíbi àfi ní ẹnu ríìngì, níbi tí àlàfo 0.08 sí 0.1 mm yẹ kó wà. Bí ẹ bá rí iná ní ibi mẹ́ta tó jìnnà sí ara wọn dọ́gba, onígun mẹ́ta ni ihò yín, láàpù kò sì tíì parí. Písítìn alumíníọ̀mù fẹ́ àlàfo nǹkan bíi 0.05 mm, torí pé ó ń fẹ̀ ní ìlọ́po méjì irin káàsì. Bó bá fi 150 dìgírì gbóná ju ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n lọ, tí sìlíńdà náà sì gbóná bẹ́ẹ̀, 0.04 mm nínú àlàfo yẹn ti lọ.

Tí ẹ bá ń ṣe sìlíńdà kan péré, tí ẹ sì ní léètì, ẹ fi ọwọ́ ṣe láàpù méjì, ẹ ra Clover 1A àti 4A. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe púpọ̀ tí ihò wọn dọ́gba, láàpù tí wọ́n ń tà tó owó rẹ̀, bí ó bá ti yege nínú ìwọ̀n ibi mẹ́ta. Ẹ ra Timesaver aláwọ̀ ìyeyè kìkì tí bíróńsì bá wà nínú iṣẹ́ yín. Flex-Hone lè dúró di ìgbà tí owó bá pọ̀ sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà hóró sára láàpù kọ̀ọ̀kan, ẹ wé wọn sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí láàpù 1A má baà wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú ti 4A.